Aṣọ Ẹni, Ìgbà Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé, nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ kò sọ̀rọ̀ asán, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fẹ̀yìn tì. Ọdún 35 ni ó fi kọ́ni. A ṣe ayẹyẹ fún un, a gbàdúrà, a kọrin, a sì fún un ní aago ògiri ńlá kan tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, a pàdé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ojówò níhìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Ẹ̀wù tí ó wọ̀ ti ṣá, bọ́tìnì méjì ti já lára rẹ̀, ó sì ń rìn létí ògiri bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí òun. Kì í ṣe pé kò rówó. Oko kòkó rẹ̀ ṣì ń so, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè àlàáfíà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Àlùfáà, kóòtù mẹ́fà ni mo ní. Bí mo bá wọ ọ̀kan nínú wọn nísinsìnyí, àwọn ènìyàn a máa bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Bí n kò bá sì wọ̀ ọ́, n kò mọ ẹni tí mo jẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn wa. Ọkùnrin tí ó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ní ìwé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ni ó ń fi ara pa mọ́ ní ìlú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ó gbé kóòtù wọ̀ ọ́ ti tán. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni yóò rí fún àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Ohun tí a ní í sọ ni èyí. Ayé ènìyàn kì í dúró sójú kan. A ń dàgbà, a ń gbéyàwó, a ń joyè, a ń ṣàìsàn, ọkọ tàbí aya a máa kú, iṣẹ́ a máa tán. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyípadà wọ̀nyí, ẹni tí kò bá ní aṣọ tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an láti wọ̀ wọnú ìgbà tuntun náà, bí àlejò ni yóò máa rìn nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Àwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀, ó sì yẹ kí a tún un kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti rí láyé àtijọ́. Kò sí ìgbà kan nínú ọjọ́ ayé ènìyàn tí kò ní aṣọ tirẹ̀. Ìyàwó tí ń lọ ilé ọkọ ní aṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ń kó pa mọ́ dè é láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó bá joyè gba aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ oyè rẹ̀, kí ó tó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Opó ní aṣọ tí ó fi ń ṣọ̀fọ̀, ó sì ní ọjọ́ tí yóò bọ́ ọ sílẹ̀, kí gbogbo ẹbí lè rí i pé ó ti padà sáàárín àwọn alààyè. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa yìí, àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun aṣọ ọlọ́nà lórí òfì ìdúró, títí kan ìtagbè tí àwọn àgbà Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká. Àwa jẹ́ oníwàásù Ìhìnrere, a kò sì sí nínú ìmùlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé ẹni tí ó gbé ìtagbè kọ́ èjìká kò ní láti la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni pé ipò òun ti yí padà. Aṣọ ti bá a sọ ọ́.

Òwe wa kan sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí bá ọmọdé wí nìkan, wọn a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Àkísà tí òwe náà ń yangàn sí kì í ṣe àkísà ìṣẹ́. Aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó ni, aṣọ ọdún tí kòkó gbówó lórí ni, aṣọ tí a fi sìnkú baba ẹni ni. Ìtàn ọjọ́ ayé àgbà ni ó ká sínú àpótí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí òun jẹ́.

Àwọn aṣọ wọ̀nyí kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: sányán tí a fi òwú ìtẹ́ kòkòrò inú igbó hun, tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ, àlàárì pupa tí ń tàn bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, ẹtù tí a rẹ òwú rẹ̀ sínú aró títí ó fi dúdú, tí a sì fi ìlà funfun tín-ínrín là á bí ìyẹ́ ẹyẹ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Òyìnbó atukọ̀ kan, John Adams, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1823, sọ̀rọ̀ nípa aṣọ Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí ọjà tí àwọn oníṣòwò ń rà lọ sí ilẹ̀ Bràsílì. Nígbà tí kò tíì sí ilé-ìwé kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ti kọjá òkun.

Báwo ni ó ti wá jẹ́ tí a fi di ẹni tí kò ní aṣọ kan bí kò ṣe aṣọ iṣẹ́? Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú fún ìjọ àti fún ilé-ìwé. A kò ní í gbàgbé oore tí ó ti ibẹ̀ wá, nítorí láìsí i, àwa kì bá ti mọ ìwé tí a fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n kóòtù bá ìwé wọlé ní ọjọ́ kan náà, kò sì pẹ́ tí a fi gbà pé ohun kan ni àwọn méjèèjì. Tíṣà ni ẹni tí ó wọ táì. Akọ̀wé ni ẹni tí ó wọ bàtà aláwọ tí ń dán. Ẹni tí ó bá wọ bùbá wá sí iṣẹ́, a ó bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Títí di òní olónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ ń yá owó ra kóòtù tí wọn yóò fi lọ fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ dánra wò ní ilé-ìwé, nínú oòrùn tí ó lè dín ẹyin, nítorí wọ́n gbà pé láìsí i àwọn ọmọ kéékèèké kò ní í bọ̀wọ̀ fún wọn.

Àwọn kan wà tí wọ́n tètè rí i pé èyí kò tọ́. Ní ọdún 1860 ni a bí ọkùnrin kan ní Iléṣà tí a ń pè ní David Brown Vincent, ó sì di oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó. Ní ọdún 1894, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó di Mojola Agbebi, aṣọ Yorùbá ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́ láti ìgbà náà títí ó fi kú ní ọdún 1917, bí ó tilẹ̀ rìnrìn àjò dé London ní ọdún 1911 fún àpérò àwọn ẹ̀yà ènìyàn gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ń yìn ín nítorí orúkọ rẹ̀ àti nítorí ìjọ tí ó ń dá dúró lábẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Àwa ń wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni ó jẹ́ nígbà náà. Ó ti di gbajúmọ̀ nínú orúkọ àti aṣọ ti ìṣáájú. Gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni wọ́n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn fún ọkùnrin láti jáde ní ọjọ́ kan ní ìrísí mìíràn, kí ó sì dúró de ohun tí ẹnu ayé yóò sọ.

Àpẹẹrẹ kejì súnmọ́ wa ju èyí lọ, nítorí ó gbé láàárín wa. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900, ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 títí di ọdún 1922. Ní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Ìsráẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gíráámà ti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, wọ́n sì wà ní Ìjẹ̀bú títí di ọdún 1932, kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún náà ni ó kó àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ìlú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń wọ gáùn ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń mú ẹjọ́ ìyà wọn wá bá a ní àwọn ọdún 1940, ẹjọ́ ìrẹsì tí a gbà lọ́wọ́ wọn àti ti owó orí tí ó wúwo jù fún wọn, ó rí i pé gáùn tí òun wọ̀ dúró bí ògiri láàárín òun àti àwọn obìnrin náà. Ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó wé gèlè, ó sì ń sọ èdè Yorùbá níwájú àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí ìfẹ̀hónúhàn wọn.

Kì í ṣe pé aṣọ ni ó ṣẹ́gun. Òye àti ìgboyà obìnrin náà ni, àti ìṣọ̀kan àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó ṣe èyí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ó ti ní ipò gẹ́gẹ́ bí aya àlùfáà àti ọ̀gá ilé-ìwé. Ohun tí ayé tuntun rẹ̀ ń bèèrè kò sí lára aṣọ tí ó gbé ti òkè òkun bọ̀, ó sì ní ìgboyà láti padà sí àpótí ìyá rẹ̀. Ìwé tí ó kà kò bá gáùn lọ. Irú ìrísí yìí ni a mọ̀ ọ́n mọ́ títí ó fi jáde láyé ní ọdún 1978.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àwọn ẹni ńlá nìkan ni a ń kà sílẹ̀, a ó sọ díẹ̀ nínú ti ara wa. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn àtọ̀gbẹ mú wa, a sì rù tó bẹ́ẹ̀ tí kóòtù wa fi ń fì lára wa bí aṣọ tí a fi kọ́ igi láti lé ẹyẹ lóko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wa, wọn a sì gbójú sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí wá àwáwí. Bí ìpè bá dé, a ní iṣẹ́ ìjọ dí wa lọ́wọ́. Bí ìpàdé bá wà, a ó jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwa tí a ń wàásù fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, ojú ara wa nínú dígí ni a ń sá fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aya wa ṣí àpótí tí baba wa fi sílẹ̀, tí a kò ṣí láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ó sì fa agbádá ẹtù kan jáde. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo iyàrá. Ó ní, "Ẹ wọ èyí wò, Bàbá." A kọ̀, a ní ẹni tí ó ni ín sanra jù wá lọ. Ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́ wò ná." A wọ̀ ọ́, ó sì gbà wá. Bí ó ti gba baba wa nígbà tí ara rẹ̀ pé, bẹ́ẹ̀ ni ó gba àwa tí a ti rù. Kò sí ohun tí aránṣọ ṣe sí i ju pé ó tún iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ tí ó ti ń tú rán, ó sì ká etí rẹ̀ sókè níwọ̀n ìka méjì.

Níbẹ̀ ni a ti rí ohun kan tí a kò tíì ronú sí rí. Kóòtù òyìnbó, ara kan ṣoṣo ni a gé e mọ́, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ara náà bá yí padà, kóòtù a kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Agbádá a máa gba ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó rù. Okùn ni a fi ń so ṣòkòtò, ó sì ṣeé fà, ó ṣeé dẹ̀. Ìró ni a ń ró, gèlè ni a ń wé, ní ojoojúmọ́ ni obìnrin sì ń wé e bí ó ti wù ú. Obìnrin tí ó lóyún, tí ó bímọ, tí ó dàgbà, lè lo ìró kan náà la gbogbo ìgbà wọ̀nyí já. Àwọn tí wọ́n dá aṣọ wọ̀nyí mọ̀ pé ara kì í dúró sójú kan, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

A wọ ẹtù náà lọ sí òde ìwúyè kan ní Òkè-Sòpin. Kí a má purọ́, bí olè ni a ń rìn ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ó jí aṣọ baba rẹ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n arúgbó kan tí òun àti baba wa jọ ń kó kòkó lọ tà rí dìde nínú àga rẹ̀, ó tẹjú mọ́ wa, ó sì fi oríkì ìdílé wa kí wa láàárín ọjà. A ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti kí wa bẹ́ẹ̀. "Rẹfurẹ́ńdì" ni gbogbo ènìyàn ń pè wá. Nígbà tí a padà délé, àtọ̀gbẹ ṣì wà lára wa, egbòogi sì wà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n a kò tún jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa pẹ̀lú, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ kú. Àsìkò ọ̀fọ̀ parí, ẹbí ní kí ó bọ́ aṣọ dúdú. Ó bọ́ ọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí kò ní àwọ̀ ni ó tún ń wọ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹnu ayé ni ó ń bẹ̀rù. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ gboyè ní yunifásítì, ó gbé àlàárì ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó ró o, ó sì wé e. Àwọn kan sọ pé ọkọ ni ó ń wá. Ó dùn wá láti sọ pé nínú ìjọ ni a ti sọ ọ́, àti pé àwa tí a wà lórí pẹpẹ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò dáàbò bò ó. Ó wá bá wa nílé, ó ní: "Àlùfáà, n kò gbàgbé ọkọ mi o. Ara mi ni mo ti gbàgbé." A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín.

Gbogbo ayé ni ó mọ èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn àpẹẹrẹ wa. Ojúde Ọba, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá, ti di ọjọ́ tí gbogbo Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, ń fi aṣọ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀jẹ̀gbẹ́, tí a ń pè ní régbérégbé, a wọ aṣọ kan náà. Àwọn ọmọ ìdílé àwọn jagunjagun a gun ẹṣin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọkùnrin kan, Farooq Oreagba, gun ẹṣin wọ ojúde náà nínú agbádá, pẹ̀lú awò dúdú lójú, àwòrán rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. A kò yin sìgá tí ó mú dání. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pín àwòrán náà kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba: pé àrùn jẹjẹrẹ tí ń mú inú egungun wà lára òun, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá a jà. Ẹni tí ó yẹ kí ó fara pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ṣe lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ó jáde lórí ẹṣin nínú aṣọ àwọn baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lo òkìkí tí ó rí láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa àrùn náà. Ìyẹn ni a fi ń kí i.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní: ṣé ẹ fẹ́ kí a jẹ gbèsè ni? Rárá o. Ohun ìtìjú ni pé aṣọ ẹbí ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di òfìfo ní ilẹ̀ wa, tí olùkọ́ ń fi owó oṣù ra aṣọ òde kan tí kò ní í wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣoni lẹ́sẹ̀. Ohun ẹni ní í yẹni. Aṣọ tí a fi gbèsè rà pẹ̀lú, aṣọ àgbàwọ̀ ni. Agbádá kan tí ó jẹ́ ti baba ẹni, tí a tún rán, sàn ju ogún aṣọ òde lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní: asán ni aṣọ, ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mímọ́ kan náà, nígbà tí ọmọ onínàákúnàá padà délé, kí baba rẹ̀ tó ní kí a pa ẹgbọrọ màlúù, aṣọ tí ó dára jù lọ ni ó ní kí a mú wá wọ̀ ọ́. Baba náà mọ̀ pé ẹni tí ó ti sọ ara rẹ̀ nù nílò aṣọ tí yóò fi mọ̀ pé ọmọ ilé ni òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kò sọ pé kóòtù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá wù kí ó wọ̀ ọ́. Àwa náà ṣì ní méjì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó má ṣe jẹ́ òun nìkan ni a ní, nítorí pé ọwọ́ iṣẹ́ ni a ti gbà á, iṣẹ́ yóò sì gbà á padà.

Nítorí náà, a fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a rọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa láti gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ ìbílẹ̀ tí ó mọ́, tí ó sì bójú mu, lọ kọ́ni ní ọjọ́ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ọmọdé tí ó bá rí olùkọ́ rẹ̀ nínú bùbá àti ṣòkòtò, tí ó ń kọ́ ọ ní ìṣirò, kò ní í rò pé kóòtù ni ó mọ ìṣirò.

Èkejì, kí a yí ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ síwájú dé ẹni ọdún 65, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ sún un síwájú, yóò dé. Ní ọjọ́ náà, kí a yé fún ènìyàn ní aago. Kí ni ẹni tí kò ní ibi tí ó ń lọ mọ́ fẹ́ fi aago ṣe? Kí a dá owó jọ, kí a gbé iṣẹ́ fún àwọn ahunṣọ wa, kí a sì fi agbádá tàbí ìró òfì wọ ẹni tí ń fẹ̀yìn tì níwájú gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi aṣọ wọ ẹni tí ń joyè. Ohun tí a ń ṣe fún un yóò wá yé e: pé kì í ṣe pé a ń lé e jáde, àárín àwọn àgbà ìlú ni a ń gbé e wọ̀. Àwọn ahunṣọ pẹ̀lú yóò rí iṣẹ́ ṣe, nítorí ìyá tí kò rí ẹni ra aṣọ ọlọ́nà kò ní í kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òfì.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìjòyè wa ni a fi èyí bẹ̀. Bí opó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, tí ó sì wọ aṣọ aláwọ̀, kí ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kí i pé ó kú ewu. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín lè pa ẹnu ogún mọ́. Àwa pẹ̀lú ṣe ìlérí pé a ó sọ tiwa láti orí pẹpẹ.

Àwọn àgbà ní ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ. Òtítọ́ ni, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, aṣọ ni àwọn ènìyàn fi ń bo ara ẹni: aya tí ó ṣí àpótí, arúgbó tí ó dìde kí ni, ẹgbẹ́ tí ó dá owó jọ.

Ní oṣù tí ó kọjá, àwa díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ dá owó jọ, a ra aṣọ òfì, a sì gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí aago tí a fún un. Ó gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sí orí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á títí, kò sì sọ nǹkan kan. Títí di ọjọ́ tí a ń kọ èyí, kò tíì wọ̀ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ní àná òde yìí, ọmọ rẹ̀ kan wá bi wá pé aránṣọ wo ni ó rán agbádá wa, nítorí baba òun ní kí ó wá wọn òun.